Ohun Tí A Bá Fi Ẹ̀sọ̀ Mú: Ọ̀rọ̀ fún Akẹ́kọ̀ọ́ Tí Àyà Rẹ̀ Ń Já

"Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko-ko." Ìyá mi máa ń pa òwe yìí nígbà tí mo bá ń bá okùn tó ta kókó jà. Bí o bá ṣe ń fà á ni yóò máa le sí i. N kò mọ̀ pé ara èèyàn náà a máa ta kókó bẹ́ẹ̀, àfi ìgbà tí mo wà ní ọdún kejì ní yunifásítì l'Ákùrẹ́.

Ọ̀sẹ̀ ìdánwò ni. Mo ti ń kàwé mọ́jú fún ọjọ́ mẹ́rin, obì ni mo ń jẹ kí oorun má baà gbé mi lọ. Bí mo ṣe ń lọ sí gbọ̀ngàn ìdánwò láàárọ̀, àyà mi ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkìkì, ó dà bí ẹni pé èèrà ń rìn lórí ìka mi, èémí mi ò kánlẹ̀ mọ́. Mo ní ikú dé. Bí mo ṣe ń já atẹ́gùn gbà tó, bẹ́ẹ̀ ló ń le sí i.

Dókítà yẹ ọkàn mi wò, ó wọn ìfúnpá, kò rí àìsàn kan. Ó ní ìpayà òjijì ni. Ara tó bá rò pé ewu dé a máa tú adrenaline, èròjà ara tó ń mú àyà sáré kí èèyàn lè jà tàbí sá, sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí ejò ká mọ́ inú oko kòkó nílò rẹ̀ láti sá. Ẹni tó jókòó ti ìwé kò rí ibi sá sí. Bí a bá sì ń mí gúlegúle, carbon dioxide, afẹ́fẹ́ tí a máa ń mí síta, á dín kù nínú ẹ̀jẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ìyẹn ló ń fa òòyì àti èèrà orí ìka. Agbára ni mo fi ń mú ohun tó yẹ kí n fi ẹ̀sọ̀ mú. Ìpayà yìí sábà máa ń dé góńgó láàárín ìṣẹ́jú 10, lẹ́yìn náà á máa rọlẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ kì í pani.

Àbúrò mi, bó bá dé, jókòó. Fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀. Rọra fi imú fa èémí, ka 1 dé 4. Tu ú jáde lẹ́nu, ka 1 dé 6. Má lé e. Jẹ́ kó kọjá lọ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́, tàbí tí àyà ń dùn ọ́, má ṣe fúnra rẹ pinnu pé ìpayà ni, jẹ́ kí dókítà yẹ̀ ọ́ wò. Obì ńkọ́? Kaféènì tó wà nínú kọfí wà nínú obì náà, ó sì ń mú àyà sáré. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi.

Àwọn àgbà kan á ní ọmọ ìsinsìnyí ló rọ̀. Rárá o. Ní 1960 ni Raymond Prince, oníṣègùn ọpọlọ ará Kánádà tó ti ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Árò l'Abẹ́òkúta, kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí orí ń gbóná, tí ohun tí wọ́n ń kà ò wọlé mọ́. Àwọn bàbá wa nìyẹn. Nílé tèmi, wọ́n ní ayé ló ń ṣe mí. Mo gba àdúrà wọn, mo ṣe àmín, mo sì padà sọ́dọ̀ dókítà. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ó dùn mí pé a ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò, a ò kọ́ ọ ní ìsinmi. Ẹ wo Òkè Ìdànrè, tí kò jìnnà sí wa: àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ni èèyàn ń gùn, àwọn tó ṣe é sì ṣe ibi ìsinmi sójú ọ̀nà. Ẹni tó bá jókòó níbẹ̀ kò fi òkè sílẹ̀.

Nígbà tí ìpayà náà tún mú mi lọ́dún yẹn, ọmọ Oǹdó kan tá a jọ ń gbé yàrá ló wà níbẹ̀. Kò pariwo, kò ní kí n ṣe ara gírí. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó di ọwọ́ mi mú, ó ń kà á wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin.