Irọ́ ni pé ìmọ̀ kóòdù tí ẹ fi sílẹ̀ ti jẹrà

Ẹni tó bá ti fi iṣẹ́ kóòdù sílẹ̀ fún ọdún mélòó kan, ohun kan náà ni wọ́n máa ń sọ fún un: "Ohun tó o mọ̀ ti di ti ayé àtijọ́. Lọ bẹ̀rẹ̀ láti A, B, D." Wọ́n sọ ọ́ fún èmi náà. Ọdún 2012 tí mo bí ìbejì ni mo fiṣẹ́ sílẹ̀, n kò sì padà títí di 2021. Mo gbà wọ́n gbọ́ débi pé odidi oṣù méje ni mo fi ń wo fídíò ẹ̀kọ́ React, irinṣẹ́ ìkọ́ sáìtì tó lòde, lóru, tí n kò bèèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kankan. Oṣù méje yẹn ṣì ń dùn mí.

Ẹ gbọ́ bí iṣẹ́ àgbàṣe mi àkọ́kọ́ ṣe lọ. Sáìtì ilé ìwé aládàáni kan n'Íbàdàn dákú, ojú ewé funfun báláú nìkan ló ń gbé wá. Ẹni méjì ti yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn méjèèjì ní kí wọ́n lọ ṣe tuntun. Mo ṣí fáìlì tí sáfà (kọ̀ǹpútà tí sáìtì ń gbé lórí rẹ̀) ń kọ àṣìṣe sí, mo bá ìlà kan níbẹ̀: Call to undefined function mysql_connect(). Ara mi yá gágá. Àṣẹ tí mo fi ń so sáìtì mọ́ àká dátà rẹ̀ lójoojúmọ́ láyé ìjọ́sí rèé! PHP ni èdè kóòdù tí wọ́n fi kọ sáìtì náà; PHP 7, tó jáde lóṣù Kejìlá 2015, ló yọ àṣẹ yẹn kúrò. Àwọn tí ilé ìwé ń sanwó sáfà fún ti gbé wọn kúrò lórí PHP 5, kò sì sẹ́ni tó sọ fún wọn. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi sọ gbogbo rẹ̀ di mysqli, èyí tó rọ́pò rẹ̀, fáìlì kan tẹ̀lé òmíràn. Sáìtì jí.

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Àkísà yẹn gan-an ni ọjà tiwa. WordPress, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe sáìtì, ti wà láti 2003, PHP ni wọ́n fi kọ ọ́, sáìtì tó ń lò ó sì ti lé ní 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Lóṣù Kẹrin 2020, gómìnà New Jersey ní Amẹ́ríkà, Phil Murphy, jáde ní gbangba láti wá àwọn tó gbọ́ COBOL, èdè kóòdù tó ti wà láti 1959.

Àwọn nǹkan kan yí padà lóòótọ́. Mo kọ́ Git, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú gbogbo àyípadà tí a bá ṣe sí kóòdù, dáadáa. Md5 ni mo fi ń pa ọ̀rọ̀ aṣínà mọ́ tẹ́lẹ̀, password_hash ló yẹ báyìí. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan nìyẹn, ẹnu iṣẹ́ ni mo ti kọ́ ọ.

Níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ọdún mẹ́sàn-án tó ṣófo lórí CV mi ni wọ́n máa kọ́kọ́ tọ́ka sí. Oníbàárà kì í bèèrè ìyẹn. "Ṣé ẹ lè tún un ṣe? Ìgbà wo? Èló?" Ó parí. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ìdajì owó kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.)

Lálẹ́ òní, ẹ ṣí sáìtì ṣọ́ọ̀ṣì yín, ti ilé ìwé ọmọ yín, ti òtẹ́ẹ̀lì àdúgbò. Èyí tí Chrome bá kọ "Not secure" sí lórí, tí ọdún ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì jẹ́ 2016, ẹ pe ẹni tó ni ín láàárọ̀ ọ̀la.