Gọ́ọ̀mù Tó Ń Gbẹ Nígbà Tó Bá Wù Ú

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi igi ṣe bírò, ṣé gọ́ọ̀mù ò tíì pa yín? Èmi, ó ti pa mí tán.

Bírò méjìlá ni mo ń ṣe lọ́wọ́, ti ìfẹ̀yìntì ọ̀gá ilé-ìwé kan níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Igi apá ni, ó gbẹ, ó pọ́n rokoto. Mo ti lu ihò rẹ̀, mílímítà 7 géérégé. Mo fi sáńpépà ha ara ọ̀pá idẹ tó máa wọnú ihò yẹn, mo sì fi ègé iṣu dí ẹnu rẹ̀ kí gọ́ọ̀mù má bàa wọnú. (Ìyàwó mi bínú nítorí iṣu yẹn. Iye tí wọ́n ń ta iṣu báyìí, ó lẹ́tọ̀ọ́.) Mo kán súpágúlù sí i, mo ń yí i wọlé díẹ̀díẹ̀. Ó dé ìdajì, ó dúró. Gbagidi! Mo tì í, kò lọ. Mo fà á, kò bọ̀. Ìka mi méjì ti lẹ̀ mọ́ ọn. Fóònù ń dún, oníbàárà ló ń pè, n kò rọ́wọ́ gbé e. Wọ́n ní ọ̀rinrin ló ń mú súpágúlù gbẹ. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ náà lóòótọ́, ṣé kí n wá bá òjò jà ni?

Ẹnìkan ní kí n ra èyí tó nípọn. Èwo ló nípọn? Bí omi ni gbogbo èyí tí wọ́n ń tà fún wa rí. Ẹlòmíràn ní kí n wá gọ́ọ̀mù tó máa ń hó bíi ọṣẹ. Tó bá hó tán ńkọ́? Á ti ọ̀pá idẹ padà síta bí ẹni lé àlejò.

Mo bá gun ọ̀kadà lọ sí Tàkíé, mo ra epóksì, gọ́ọ̀mù oní-túùbù méjì tí wọ́n máa ń pò pọ̀ kó tó gbẹ. Mo pò wọ́n dọ́gbadọ́gba, mo fi sílẹ̀ di àárọ̀. Mo fọwọ́ kàn án, ó ń yọ̀ bí ewédú! Ọlọ́run ló mọ iye ọdún tó ti wà nínú oòrùn lórí àtẹ ẹni tó tà á. Ṣùgbọ́n NEPA ṣẹ̀ṣẹ̀ mú iná dé, ẹ sì mọ̀ pé iná kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Mo gbé e sórí léètì, ẹ̀rọ tó ń yí igi kí a lè gbẹ́ ẹ. Mo fi ṣísẹ́ẹ̀lì kàn án lẹ́ẹ̀kẹta, pàá! Igi fò lọ lu kàlẹ́ńdà ara ògiri. Ọ̀pá idẹ nìkan ló kù, ó ń yí, ó ń dán, ó ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Bírò mẹ́ta ló jáde nínú méjìlá. Ìfẹ̀yìntì ku ọjọ́ méjì.

Ẹ bá mi sọ fún àwọn tó ń ṣe gọ́ọ̀mù: èyí tó máa kọ́kọ́ béèrè pé, “Ọ̀gá, ṣé kí n gbẹ báyìí?” ni mo fẹ́ rà. Iye yòówù kó jẹ́.