Aròkọ ni wọ́n ń pè é, àdàkọ ni wọ́n ń kọ́ wọn

Láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù yìí ni ọ̀rọ̀ kan ti há mi lọ́fun. Mo ní kí n gbé e mì, kò lọ. Mo ní kí n tu ú, kò jáde. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síbí lónìí, ẹ má bínú tó bá gùn.

Ọmọ mi ọkùnrin ti ilé ìwé dé, ó ju báàgì sórí àga, kò béèrè oúnjẹ. Ẹ̀yin abiyamọ mọ̀ pé bí ọmọkùnrin ọdún mọ́kànlá bá ti ilé ìwé dé tí kò béèrè oúnjẹ, nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Mo fa ìwé aròkọ rẹ̀ yọ. Báírò pupa ti gba ojú ìwé náà kan látòkè délẹ̀. 7 nínú 20. Tíṣà wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: “Kò sí ìfáàrà. Kò sí ìkádìí. Kì í ṣe bí a ṣe kọ ọ́ ní kíláàsì nìyí.”

“Ọjọ́ kan tí n kò lè gbàgbé láyé mi” ni orí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fún wọn. Ta ni kò kọ ọ́ rí nínú wa?

Ọmọ mi kọ ọ́ nípa ọjọ́ tí a sin bàbá mi ní Ìṣẹ́yìn. Ahunṣọ ni bàbá mi. Aṣọ òfì ni wọ́n hun títí wọ́n fi rán àwa márààrún níwèé. Lọ́jọ́ ìsìnkú, nígbà tí ojú ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gbá a léjìká, wọ́n ní, “Ọkùnrin kì í sunkún.” Mo wà níbẹ̀. Mo gbọ́. Mi ò fọhùn, torí èmi gan-an ò ráyè ara mi lọ́jọ́ náà. Nígbà tó yá mo wo ibi tó dúró sí, mi ò rí i mọ́, mo rò pé ó ti bá àwọn ọmọ yòókù lọ ni. Inú ìwé aròkọ yìí ni mo ti wá mọ ibi tó gbà lọ, lẹ́yìn oṣù méje. Bó ṣe kọ ọ́ nìyí, àmì ohùn nìkan ni mo bá a fi sí i:

“Mo lọ sí ẹ̀yìn ilé, níbi tí Bàbá àgbà ti máa ń hunṣọ. Òfì wọn ṣì wà níbẹ̀. Aṣọ wà lórí rẹ̀ tí kò tíì parí. Mo fọwọ́ kan òwú rẹ̀. Ó le dáadáa, bíi pé ẹnì kan ṣì ń fà á lápá kejì. Mo jókòó síbi tí wọ́n máa ń jókòó sí, ẹsẹ̀ mi ò dé ibi tí wọ́n máa ń fẹsẹ̀ tẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti sunkún. Nígbà tí mo padà dé, wọ́n ti ń pín ìrẹsì.”

Ó parí síbẹ̀.

Mo kà á tán, mo tún un kà. Èmi ni bàbá yẹn bí lọ́mọ, èmi ni mo dàgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì yẹn, ó sì ti tó oṣù méje tí mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí mo lè fi sọ bí àìsí wọn ṣe rí lára mi. Ọmọ yìí ti rí i. “Bíi pé ẹnì kan ṣì ń fà á lápá kejì.” Abẹ́ gbólóhùn yẹn gan-an ni tíṣà fa ìlà pupa sí, wọ́n kọ “kò yé mi” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Èyí tí wọ́n wá fún ní 17, tí wọ́n kà sókè, tí wọ́n sì ní kí gbogbo kíláàsì dà kọ sẹ́yìn ìwé kí wọ́n lè mọ bí aròkọ ṣe ń rí, ọmọ mi ti há a sórí. Ó kà á fún mi lórí ìdúró. “Oríṣiríṣi ọjọ́ ló wà nínú ayé ẹ̀dá. Àwọn ọjọ́ kan wà tí ènìyàn kì í gbàgbé bọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ tí mo ṣe ọjọ́ ìbí mi.” Òòrùn ń ràn, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lẹ́lẹ́, bọ̀dá kan ti Èkó gbé kéèkì dé, wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n jó. “Títí ayé ni n ó máa rántí ọjọ́ náà.” Mo ní kó bá mi yá ìwé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì wá sílé. Àwọn náà ní bọ̀dá tó ti Èkó gbé kéèkì dé. Òòrùn ń ràn lọ́dọ̀ tiwọn náà, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lẹ́lẹ́.

Mi ò bínú sí ọmọ tó gba 17 o. Ohun tí wọ́n ní kó ṣe ló ṣe, ó sì ṣe é dáadáa.

Ṣùgbọ́n ẹ wo orúkọ nǹkan náà. A-rò-kọ. Ohun tí a rò, tí a wá kọ. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ ti sọ iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ fún wa, ríronú ló sì fi ṣáájú. Èyí tí ẹnikẹ́ni ò rò, tí wọ́n kàn wò lára pátákó tí wọ́n kọ sínú ìwé, èdè wa ní orúkọ fún òun náà: àdàkọ. A ń fi máàkì aròkọ fún àdàkọ, a sì ń fi báírò pupa pa ẹni tó rò.

Lọ́jọ́ Ajé mo dé ilé ìwé náà. Tíṣà yìí kì í ṣe ènìyàn burúkú, ẹ jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n dìde fún mi, wọ́n fún mi ní àga. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi ka èyí lẹ́ẹ̀kan sí i.” Wọ́n kà á. Wọ́n ní, “Màmá, ó dùn, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n WAEC ò ní fún un ní máàkì nítorí pé ó sunkún. Ìfáàrà ní máàkì tirẹ̀, ìkádìí ní tirẹ̀.” Mo ní, “Sà, JSS 1 ni ọmọ yìí wà. Ó ṣì ku ọdún márùn-ún kó tó jókòó sí WAEC.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n nawọ́ sí tábìlì wọn. Ìwé tó wà lórí rẹ̀ ga dé àyà mi níbi tí mo jókòó sí. “Ọmọ mọ́kànléláàádọ́ta ló wà ní kíláàsì kan, Màmá. Kíláàsì mẹ́rin ni mo ń kọ́. Ẹ ṣírò ẹ̀. Ṣé ọkàn igba ọmọ ó lé mẹ́rin ni kí n máa wò?”

Mi ò rí èsì fọ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo dúpẹ́, mo jáde. Inú Micra tí mo wọ̀ padà sílé ni èsì ti wá bá mi: tó bá jẹ́ pé kéèkì kan náà ni gbogbo wọn ń kọ, kí la tún ń ka igba ìwé sí? Ìwé kan ṣoṣo náà ni wọ́n ń máàkì nígbà igba.

Ohun tó ká mi lára jù ni pé bàbá wa àti ìyá wa ò kọ́ ọmọ báyìí. Ní apá Ọ̀yọ́ tí a ti wá, ọmọbìnrin tó ń lọ ilé ọkọ máa ń sun ẹkún ìyàwó. Kì í ṣe pé ó kàn ń ké o. Àwọn àgbà obìnrin máa ń kọ́ ọ, á gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu àwọn tó ṣáájú rẹ̀ lọ, á mọ oríkì ilé bàbá rẹ̀, á mọ ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ kí. Ẹ ò rí i pé ìfáàrà wà níbẹ̀? Ìkádìí náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá kúnlẹ̀ níwájú ìyá tó bí i, ẹ̀rù tirẹ̀ ló ń bà á, ilé àjòjì tóun fúnra rẹ̀ ń lọ ló ń wí. Ẹni tó kọ́ ọ lóhùn ò gba ẹkún lójú rẹ̀.

Àwọn ọdẹ ńkọ́? Tí ọdẹ bá kú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á péjọ síbi ìṣípà, ètùtù tí wọ́n fi ń dágbére fún un, wọ́n á sun ìrèmọ̀jé, arò àwọn ọdẹ. Àwọn ọkùnrin tó ń dá wọ igbó lóru, tí wọ́n ń yìnbọn lu ẹranko abìjà, àwọn ni wọ́n ń dúró ní gbangba tí wọ́n ń fi ohùn dídùn sọ pé ẹnì kejì àwọn lọ, ó sì dun àwọn. Níbo ni ẹ̀gbọ́n mi ti wá gbọ́ pé ọkùnrin kì í sunkún? Mi ò rò pé Ìṣẹ́yìn ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Ọmọ mi ṣe ohun tí àwọn ọdẹ ń ṣe: ó sá pamọ́ lọ́jọ́ náà, ó wá padà wá sọ ọ́ létí gbogbo ayé pẹ̀lú báírò rẹ̀. A fún un ní 7.

Mo wá sọ pé kí n gbìyànjú ẹ̀ fúnra mi. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta, tí mo bá ti fọ aṣọ tán, mo máa ń kó ọmọ mi àti àwọn ọmọ aládùúgbò mẹ́ta jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mi ò kọ nǹkan kan sára ògiri fún wọn. Gbogbo wọn ló kọ́kọ́ ń kọ “inú mi bàjẹ́ gan-an”, “inú mi dùn gidi gan-an”. Mo ní ó dáa, inú rẹ bàjẹ́, níbo lára rẹ ni o ti mọ̀?

Ẹ wò ó, ara ni Yorùbá máa ń fi sọ ohun tó wà lọ́kàn. Àyà ló ń já. Ojú ló ń tini. Orí ló ń wú. Inú ló ń bíni, inú náà ló ń dùn, òun náà ló tún ń bàjẹ́. Àwọn baba wa ti wo ara dáadáa kí wọ́n tó sọ nǹkan wọ̀nyí lórúkọ. Ṣùgbọ́n a ti sọ wọ́n títí, àwọn ọmọ wa ò gbọ́ ohun tó wà nínú wọn mọ́, bí ìgbà téèyàn ń gbé lẹ́bàá odò tí kò gbọ́ ìró omi mọ́. Tí mo bá ti béèrè ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ lára wọn, ẹ máa ya ẹnu. Ọmọbìnrin kékeré kan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ bàtà rẹ̀ lọ òde láìtọrọ, ó ní, “Eyín ni, mà. Eyín mi ni ìbínú mi ti máa ń bẹ̀rẹ̀.” Ó sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, gbogbo wa ló pa eyín pọ̀ nígbà tó ń kà á.

Ọ̀kan wà nínú wọn tí kì í kọ ju ìlà kan lọ. Wákàtí kan gbáko ló fi jókòó lọ́jọ́ kan, ohun tó kọ ò ju “Mo máa ń bẹ̀rù ìró géètì wa lálẹ́.” Mo wo ojú ọmọ náà. Mi ò lè béèrè ẹni tó máa ń ṣí géètì náà. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, mi ò tíì béèrè.

Nígbà tí Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde ní November 2025 pé ìjọba ti fagi lé ìlànà ọdún 2022 tó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, gbogbo wa la pariwo níbí. Èmi náà pariwo. A mú ọ̀rọ̀ Fáfúnwá, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ètò ẹ̀kọ́ nì, jáde, bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní Ifẹ̀ ní 1970, fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí àwọn ọmọ náà ò sì gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Gbogbo ohun tí mo sọ nígbà yẹn, mo ṣì dúró lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ Yorùbá tó wà lọ́wọ́ wa yìí ńkọ́, tí ẹnikẹ́ni ò tíì gbà kúrò? Èdè tí bàbá mi fi bá òwú sọ̀rọ̀, tí àwọn ọmọ wa wá ń fi sọ̀rọ̀ kéèkì tí wọn ò jẹ. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi wí pé ọmọ gbọ́dọ̀ mọ òfin kó tó rú òfin, mo ti gbọ́, ẹ má tún un sọ.

Bí mo ṣe fẹ́ parí ọ̀rọ̀ mi nìyí tẹ́lẹ̀. Àmọ́ nǹkan kan ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, tí mi ò bá sì sọ ọ́, irọ́ ni mo pa fún yín láti òkè wá.

Orí ọ̀rọ̀ tí mo fún wọn ni “Ohun tí mo gbọ́ tí wọn ò mọ̀ pé mo gbọ́.” Èmi fúnra mi ni mo yàn án. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé bàbá ọmọ yìí wà lókè òkun. Ọmọ mi kọ ọ́ báyìí:

“Lálẹ́, Mọ́mì ń bá Dádì sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Wọ́n ní kò séwu. Wọ́n ní a ti san owó ilé. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n pa fóònù, wọ́n jókòó sórí kẹ́ẹ̀gì ní kíṣìnnì, wọn ò tan iná. Wọ́n fi ọwọ́ di ẹnu wọn. Mo rọra padà sórí bẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n má bàa mọ̀ pé mo ti mọ̀ pé a ò tíì san án.”

Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí kì í ṣe òótọ́. Ó dára ju ti òfì lọ. Báírò kan wà lórí tábìlì, mi ò mọ ìgbà tí mo mú un. Mo sọ fún un pé kó má kà á sétí àwọn yòókù, kó má sì gbé ìwé yẹn dé ilé ìwé. Mo ní kó kọ òmíràn. Mo ní kó kọ ọ́ nípa ọjọ́ ìbí rẹ̀.

Ó wò mí, ó tún wo ìwé náà. Ó ní, “Mọ́mì, ṣé ìkádìí ni kò sí?”

Ìwé náà wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Mi ò tíì dá a lóhùn.