Ẹni tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí ló ń wá nínú fódà owó oṣù wa?

Inú ń bí mi, mi ò sì ní pa á mọ́ra. Níbi iṣẹ́ wa ní Ìkòròdú níbí, akáuńtáǹtì kan ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ tipẹ́tipẹ́, ó ti ríṣẹ́ síbòmíràn, síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ ṣì jókòó bí onílé sínú fódà owó oṣù wa. "Owner" ló wà níwájú orúkọ rẹ̀ gbàgàdà. Ẹni tó bá jẹ́ Owner lórí fódà, kì í ṣe kíkà nìkan ló lè kà o. Ó lè pa gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́, ó lè fi ẹlòmíràn sí i, ó sì lè yọ ìwọ tó o ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ kúrò.

Àwọn ọ̀gá wa ló fà á. "Fún un ní gbogbo àṣẹ, kó má baà máa yọ wá lẹ́nu," ọ̀rọ̀ tí mò ń gbọ́ lójoojúmọ́ nìyẹn. Ẹni tó kàn fẹ́ ka lẹ́tà kan, gbogbo àṣẹ. Ọmọ iléèwé tó wá kọ́ṣẹ́ fún oṣù díẹ̀, gbogbo àṣẹ! Bẹ́ẹ̀ Exchange, ètò ímeèlì àti fódà ti Microsoft tí à ń lò, ní ìpele àṣẹ tó pọ̀ téèyàn lè yàn: Reviewer á kà á lásán, Author á kọ tirẹ̀, á sì tún tirẹ̀ ṣe, Editor á lè tún ti gbogbo èèyàn ṣe. Kí la wá ń pín Owner kiri fún?

Tí onítọ̀hún bá wá lọ tán, wọ́n á bi èmi tí mò ń bójú tó kọ̀ǹpútà pé, "Ṣé o ti yọ ọ́?" Wọ́n rò pé bọ́tìnnì kan ni mo máa tẹ̀. Ẹ gbọ́ o. Bí wọ́n bá dá fódà tuntun sínú òmíràn, àṣẹ tó wà lórí fódà ìyá lọ́jọ́ náà ló máa mú. Látìgbà náà lọ, àkọsílẹ̀ àṣẹ tirẹ̀ ti dá dúró. Ẹ yọ orúkọ èèyàn kúrò lórí ìyá lónìí, àwọn ọmọ tó wà nísàlẹ̀ ò gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n ti yọ akáuńtáǹtì yẹn kúrò lórí fódà ìyá tó ń jẹ́ Accounts, ni mo bá ṣí Payroll, fódà owó oṣù tó wà nínú rẹ̀: orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Mo ṣí 2019 tó wà nínú Payroll: ó wà níbẹ̀. Mo ṣí Bonus: ó wà níbẹ̀!

Èyí tó tún burú ni pé Exchange 2010 la ṣì ń lò, èyí tí Microsoft ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn rẹ̀ dúró láti ọjọ́ 13 oṣù October 2020. Oríṣi àṣẹ méjì ló wà lórí fódà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo máa tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀: Remove-PublicFolderClientPermission ló ń gba àṣẹ kíkà àti kíkọ kúrò lọ́wọ́ èèyàn, Remove-PublicFolderAdministrativePermission ló ń gba àṣẹ alábòójútó kúrò. Ẹ yọ ọ̀kan, èkejì ṣì wà níbẹ̀. Exchange náà ní ètò kékeré kan, RemoveUserFromPFRecursive.ps1, tó máa ń gba inú fódà kọjá látòkè délẹ̀ láti yọ orúkọ èèyàn, nítorí náà iṣẹ́ yìí ṣe é ṣe. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n dúró lálẹ́ nígbà tí kò sẹ́ni tó ń lò ó. Wọ́n ní epo tí jẹnẹrétọ̀ máa jẹ ti pọ̀ jù. Epo!

Wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kí n ti ímeèlì rẹ̀ pa. Wọ́n ní àwọn oníbàárà ṣì ń kọ̀wé sí i. Mo ní kí n darí lẹ́tà wọn sọ́dọ̀ ẹni tó gba ipò rẹ̀, kí n sì ti àkáǹtì náà pa. Ọ̀gá kan ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o máa ń fura sí èèyàn jù. Ọmọlúàbí lọmọ yẹn." Ta ló pè é lólè? Ó wà nílé rẹ̀ n'Ígbógbó, pásíwọ́ọ̀dù wà lọ́wọ́ rẹ̀, nọ́ńbà báńkì ìyá tó ń gbálẹ̀ fún wa wà nínú fódà yẹn, BVN rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ìyá yẹn ò mọ̀ rárá. Àwa tó fún ní nǹkan yẹn ló fọkàn tán. Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin Nigeria Data Protection Act ní oṣù June 2023, òfin náà sì ní kí ẹni tó bá gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ èèyàn dáàbò bò ó.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ fún mi ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, kí ẹ ra epo sí i. Kí ẹ sì jẹ́ kí n gbọ́ lọ́jọ́ tẹ́nì kan bá fiṣẹ́ sílẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá ti lọ tán. Títí dìgbà yẹn, mi ò fún ẹnikẹ́ni ní Owner mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó lọ gbàwé wá látọ̀dọ̀ yín, kí ẹ fi orúkọ yín sí i, kí ẹ sì buwọ́ lù ú.