Ẹ bi wọ́n nípa dhoni kí ẹ tó bi wọ́n nípa bẹ́ẹ̀dì

Èrò ọkàn mi rèé, ẹni tó bá máa bínú kó bínú. Gbogbo fọ́tò tí wọ́n ń gbé síta nípa ọkọ̀ tí àwọn amòòkùn ń gbé inú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan ní Maldives, bẹ́ẹ̀dì ni, èso gígé ni, agbada omi gbígbóná tó ń hó lórí dẹ́ẹ̀kì ni. Àwọn èèyàn á wá san owó gọbọi nítorí bẹ́ẹ̀dì tí wọn ò ní í lò ju wákàtí méje lọ lóru. Ohun tó máa pinnu bóyá ìrìn àjò náà á dùn, àti bóyá èèyàn á padà délé ní pípé, kò sí nínú fọ́tò kankan.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ibi tí à ń sọ. Maldives jẹ́ erékùṣù kéékèèké tó lé ní 1,100 nínú Òkun Íńdíà, tí wọ́n tò ní òrùka òrùka. Òrùka kọ̀ọ̀kan jẹ́ òkúta iyùn tó yí ọ̀sà ká, òun ni wọ́n ń pè ní atoll, inú Dhivehi, èdè ìlú wọn, sì ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Àwọn ẹnu ọ̀nà tí omi òkun ń gbà wọ inú ọ̀sà ni kandu. Àwọn òkè abẹ́ omi tí orí wọn ò yọ síta ni thila. Inú kandu àti lára thila ni ẹja wà.

Ọkọ̀ ńlá wà fún sísùn àti jíjẹ. Dhoni ni ọkọ̀ kejì tó ń tẹ̀ lé e kiri. Inú dhoni ni sìlíńdà afẹ́fẹ́ wà, inú rẹ̀ ni ẹ̀rọ tó ń fún afẹ́fẹ́ sínú wọn wà, láti inú rẹ̀ náà ni ẹ ó ti máa bẹ́ sómi. Ẹrù yín á wà níbẹ̀ láti ọjọ́ kìíní dé ọjọ́ ìkẹyìn, lára sìlíńdà kan náà, wọn á kàn máa fi páìpù rọ afẹ́fẹ́ kún un ni. Ẹ̀rọ yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ ti fọ́kànáísà o. Bar ni wọ́n fi ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe fún tó: táyà mọ́tò kò ju 2 bar àti díẹ̀ lọ. 200 bar ni ti sìlíńdà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Ohun tó yẹ kí ẹ bèèrè ni pé: ẹnu tí ẹ̀rọ náà fi ń fa afẹ́fẹ́, ibo ló kọjú sí? Bí ó bá wà nítòsí ibi tí éńjìnnì dhoni ń tú èéfín sí, gáàsì kan náà tó ń pa odindi ìdílé tó gbé jẹnẹrétọ̀ sí kọ́rídọ̀ mọ́jú ni yóò wọ inú sìlíńdà. Gáàsì yẹn kò ní òórùn. Ṣùgbọ́n òórùn epo sábà máa ń bá a rìn, nítorí náà, bí afẹ́fẹ́ inú sìlíńdà bá ń rùn tàbí tó dùn lẹ́nu bí epo, ẹ dá a padà, ẹ má ṣe tijú ẹnikẹ́ni.

Àyẹ̀wò kan wà tí kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì í ṣe. Ẹ ṣí orí sìlíńdà tán pátápátá. Ẹ fi régúlétọ̀, ìyẹn ohun tí ẹ ó máa gba ẹnu rẹ̀ mí, sẹ́nu, ẹ mí nígbà mẹ́rin, kí ojú yín sì wà lára gééjì tó ń fi iye afẹ́fẹ́ tó kù hàn. Ọwọ́ gééjì kò gbọdọ̀ mì. Bí ó bá ń já wálẹ̀ bí ẹ ṣe ń fa afẹ́fẹ́, tó tún ń gòkè bí ẹ ṣe dẹ́kun, orí sìlíńdà náà ò tíì ṣí tán nìyẹn. Lókè omi, afẹ́fẹ́ tó ń gba ojú ihò kékeré yẹn á tó yín. Ní mítà 20 ńkọ́, níbi tí ẹ̀mí kan ti ń gba afẹ́fẹ́ ìlọ́po mẹ́ta? Kò ní í tó. Ọmọ iṣẹ́ tó fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ ló sábà máa ń fà á: ó rò pé òun ń ṣí i, ó sì ń tì í.

Bí wọ́n ṣe ń wọ kandu gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ìgbà tí omi bá ń wọlé láti inú òkun ni wọ́n ń wọ̀ ọ́, torí omi tó ń wọlé mọ́ gaara, àwọn shark á sì tò sí ẹnu kandu, wọ́n á kọjú sí ìṣàn náà. Bí omi bá ń jáde, ó máa ń rú, ó sì lè gbé èèyàn sójú òkun tàbí kó fà á lọ sísàlẹ̀. Ọ̀gá tó mọ iṣẹ́ á kọ́kọ́ rán ẹnì kan sómi kó wo bí omi ṣe ń lọ. Èyí tó ní "a ti kọ ọ́ sórí pátákó pé aago mẹ́fà ààbọ̀, aago mẹ́fà ààbọ̀ náà la máa bẹ́", ẹ ṣọ́ra fún un. Ẹ ó bẹ́ síta, sójú òkun, ẹ ó tètè sọ̀kalẹ̀ láìdúró lójú omi, ẹ ó wá jẹ́ kí omi gbé yín dé etí kandu.

Ibẹ̀ ni irin ìkọ́ ti wúlò. Ó dà bí ìwọ̀ ẹja ńlá, okùn rẹ̀ gùn tó mítà kan tàbí mítà kan ààbọ̀. Òkúta tó ti kú ni kí ẹ fi kọ́, kì í ṣe iyùn tó wà láàyè. Ẹ so orí okùn kejì mọ́ òrùka ìsàlẹ̀ jákẹ́ẹ̀tì yín, kí ẹ wá fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀ sínú jákẹ́ẹ̀tì kí ara yín lè gòkè bíi káìtì lókè òkúta. Ẹ kọjú sí ìṣàn. Ẹni tó bá yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti wo ọ̀rẹ́ rẹ̀, omi lè já gíláàsì kúrò lójú rẹ̀, ó sì lè tẹ bọ́tìnnì régúlétọ̀ kí afẹ́fẹ́ máa tú yàà fúnra rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń lọ, ẹ kọ́kọ́ tú afẹ́fẹ́ inú jákẹ́ẹ̀tì dànù, ẹ wá fi ọwọ́ fa okùn dé ìdí irin, kí ẹ tó yọ ọ́. Ẹni tó yọ irin kó tó tú afẹ́fẹ́, bí igbá tí wọ́n tẹ̀ bọ omi tó bọ́ lọ́wọ́ ẹni ló ṣe máa yọ sókè, ìyọsókè yẹn ló sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. (Ẹ má sì jẹ́ amòòkùn tó ń jalè o. Kíkó iyùn jáde nílùú náà lòdì sófin.)

Ẹ ṣírò afẹ́fẹ́ yín pẹ̀lú. Sìlíńdà lítà 12 ní 200 bar gba lítà 2,400. Ẹ fi 50 bar pamọ́, ó ku lítà 1,800. Ẹni tó ń lo lítà 20 ní ìṣẹ́jú kan lókè omi á lo 80 ní mítà 30, ìyẹn ìṣẹ́jú 22 péré. Mítà 30 yẹn náà ni òfin Maldives fi ṣe ààlà fún amòòkùn afẹ́. Nitrox 32, ìyẹn afẹ́fẹ́ tí ọ́síjìn inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 32 nínú 100, kì í fi kún afẹ́fẹ́ yín, naitirójìn tó ń kó sára ló ń dín kù, ìyẹn sì ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń mòòkùn lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́fà. Àmọ́ ẹ fi ọwọ́ ara yín wọn ọ́síjìn inú rẹ̀. Ààlà 32 jẹ́ nǹkan bíi mítà 33. Bí ó bá jẹ́ 36 ni wọ́n rọ sínú rẹ̀ láìmọ̀, mítà 28 ni ààlà rẹ̀. Ọ́síjìn tó pọ̀ jù nísàlẹ̀ omi máa ń fa gìrì, ẹni tí gìrì bá mú lábẹ́ omi kò sì lè fi régúlétọ̀ sẹ́nu mọ́.

Ẹ̀yin ará wa ní London tí ẹ gba káàdì nínú adágún omi tútù, òjé tí ẹ ń so mọ́dìí níbẹ̀ kọ́ ni ẹ ó lò níbí. Aṣọ mìlímítà 3 ti tó, omi ibẹ̀ kì í sábà tutù ju 27°C lọ. Ẹ sì rántí pé afẹ́fẹ́ náà ní ìwúwo: èyí tí ẹ máa mí tán nínú sìlíńdà kan lé ní kílò méjì. Sìlíńdà alumíníọ̀mù á wá fúyẹ́ níparí, ẹni tí òjé rẹ̀ ò tó kò ní í lè dúró ní mítà 5 fún ìṣẹ́jú mẹ́ta tó yẹ kí naitirójìn fi jáde lára kó tó yọ sókè. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń lọ sí ìhà gúúsù ń béèrè ìmòòkùn 50 tàbí 100 lọ́wọ́ èèyàn. Wọ́n jàre. Ẹni tó ní mẹ́rin péré, tí wọ́n sì ta ààyè fún, wọ́n rẹ́ ẹ jẹ ni.

Manta, ẹja ńlá pẹlẹbẹ yẹn, ńkọ́? Ní Hanifaru, ní atoll Baa, láti nǹkan bí oṣù karùn-ún dé oṣù kọkànlá, ẹ lè rí wọn rẹpẹtẹ, ṣùgbọ́n ojú omi nìkan ni ẹ ti máa wò wọ́n, wọn ò gba sìlíńdà níbẹ̀.

Ìbéèrè tó kù, èyí tí mo fi ṣíwájú gbogbo rẹ̀: ta ni mẹ́gáàdì ọkọ̀ lóru? Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, ọkọ̀ amòòkùn kan tó ń jẹ́ Conception gbiná létí California nígbà tí gbogbo èèyàn ń sùn. Èèyàn 34 ló kú. Kò sí ẹnikẹ́ni tó ń rìn káàkiri inú ọkọ̀ láti ṣọ́ ọ. Nítorí náà, ẹ bi wọ́n ní orúkọ ẹni tí kò ní í sùn. Ẹ wo ọ̀nà àbájáde kejì nínú yàrá yín, kí ẹ ṣí i fúnra yín. Bátìrì kámẹ́rà àti tọ́ọ̀ṣì, ẹ má ṣe ṣáàjì wọn nínú yàrá kí ẹ wá sùn tì wọ́n. Ibi tí ojú èèyàn wà ni kí ẹ ti ṣáàjì wọn.

Ọjọ́ tí ẹ bá máa wọ bàálù, wákàtí 18 ó kéré tán gbọ́dọ̀ ti kọjá lẹ́yìn ìmòòkùn ìkẹyìn, bàálù kékeré tó ń balẹ̀ lójú omi náà wà nínú ìṣirò yẹn. Ẹni tó ń ti Nàìjíríà lọ, káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú wà lára ohun tí wọ́n máa béèrè ní Malé. Físà ọjọ́ 30 ní tiẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fúnni, ọ̀fẹ́ ni.