Ohùn báàsì kò sí nínú ìwúwo igi

Ọ̀gá mi, ẹ kọ ọ́ pé ẹni tó bá fẹ́ ohùn báàsì tó kì, kó ṣáà ra gìtá oníná tí igi rẹ̀ wúwo, tó sì ń lo bátìrì. Ẹ jọ̀ọ́, kò rí bẹ́ẹ̀. Bí okùn irin ṣe ń gbọ̀n lókè òòfà ni pickup, ẹ̀rọ kékeré tó ń gba ohùn lára gìtá, ń gbé jáde, nítorí náà okùn ló yẹ ká kọ́kọ́ bi í léèrè. Okùn flatwound, tí ara rẹ̀ ń dán, máa ń dún wúwo, kì í han létí. Roundwound, okùn tí ara rẹ̀ kò dán, ló ń dún gaara. James Jamerson, tó máa ń ta gìtá báàsì nínú orin ilé-iṣẹ́ Motown ní Amẹ́ríkà, gìtá báàsì Precision Bass ọdún 1962 ló lò, pẹ̀lú flatwound àti fóòmù tó ń pa okùn lẹ́nu nídìí, ìka kan ṣoṣo ló sì fi ń ta á. Kò sí bátìrì kankan níbẹ̀ o!

Ẹ tún wo ibi tí pickup wà. Bó bá ṣe sún mọ́ bridge (ibi tí okùn gbé so mọ́ ara gìtá nísàlẹ̀) tó ni ohùn ṣe máa mú tó. Gìtá báàsì Jazz Bass, tó jáde ní 1960, ní pickup méjì, èèyàn sì lè pò wọ́n bó ṣe fẹ́.

Bátìrì kàn ń fún preamp (ẹ̀rọ inú gìtá tó ń ṣètò ohùn) lágbára láti gbé ohùn sókè tàbí kó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ni. Tó bá kú lórí ìtàgé, ọ̀pọ̀ irú gìtá bẹ́ẹ̀ á dákẹ́ lójijì. Ní ti igi wíwúwo, èjìká ló kọ́kọ́ ń mọ̀ ọ́n lára.

Kí ẹnikẹ́ni tó ta gìtá rẹ̀ nù, kó pààrọ̀ okùn, kó sì máa ta á níbi tó sún mọ́ ọrùn gìtá.