MRI Ò Mọ̀ Bóyá Ẹ̀yìn Ń Dùn Ẹ́

"O ò tíì lọ ya àwòrán inú ara tí wọ́n ń pè ní MRI? Báwo lo ṣe fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe ẹ́?" Ohun tí àlejò kan sọ fún àbúrò mi lójú mi nìyẹn, ọjọ́ kẹta péré tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Mo pa ẹnu mọ́ nítorí pé àlejò ni. Mi ò lè pa á mọ́ níbí.

Lọ́dún 1994, àwọn oníwádìí ní Amẹ́ríkà tẹ́ èèyàn 98 sínú ẹ̀rọ MRI. Ẹ̀yìn kò dun ìkankan nínú wọn. Síbẹ̀, ìdá 52 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní tìmùtìmù tó wú jáde láàárín eegun ẹ̀yìn, ó kéré tán lójú kan. Àwọn tí gbogbo tìmùtìmù wọn pé régí kò ju ìdá 36 lọ. Lọ́dún 2015, àwọn mìíràn kó irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ 33 jọ, èèyàn 3,110 tí nǹkan kan ò ṣe: láàárín àwọn ọmọ ogún ọdún, ìdá 30 ti ní èyí tó wú, láàárín àwọn ẹni ọgọ́rin ọdún, ìdá 84. Ẹ̀yìn náà ń hu ewú ni. Ta ló ń gbé ewú lọ sílé ìwòsàn?

Wọ́n á ní ojú ló ń rí nǹkan. Ó dáa, èmi náà rí tèmi. Mo bẹ̀rẹ̀ kí n so okùn bàtà, mi ò lè nà mọ́. Èsì MRI ní tìmùtìmù kan wú nísàlẹ̀ ẹ̀yìn, àfi bíi pé kíkà tí mo kà á ló dá kún ìrora náà. Odidi oṣù méjì, ọmọ mi ló ń bá mi so bàtà. Physiotherapist, ìyẹn ẹni tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú ara, tí mo wá lọ rí dojú èsì náà dé sórí tábìlì, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ mi dé orúnkún. Lọ́sẹ̀ kejì, ó kọjá orúnkún. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n yẹ inú mi wò nítorí òkúta inú kíndìnrín, tìmùtìmù ọ̀hún ṣì wú níbi tó wà, èmi sì ti ń gbọ́mọ pọ̀n.

Lóòótọ́, àwọn kan wà tó jẹ́ pé tìmùtìmù tó wú ń tẹ iṣan ìmọ̀lára wọn, tí ìrora ń sáré gba ẹ̀yìn itan lọ sísàlẹ̀ ẹsẹ̀. Mi ò jiyàn.

Ìbéèrè ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tí ẹ̀yìn ń ro. Ṣé o ṣubú? Ṣé ibà ń ṣe ẹ́? Ṣé ò ń rù láìnídìí? Ṣé o ti ní jẹjẹrẹ rí? Ṣé ìrora náà kì í rọlẹ̀ tó o bá dùbúlẹ̀ lóru? Bẹ́ẹ̀ ni kan ti tó láti wá dókítà. Èyí tó burú jù ni kí ìdí àti ojú ara kú, kó o máa fi bébà nù ún láìmọ̀ ọ́n lára, kí ìtọ̀ há tàbí kó máa dà fúnra rẹ̀, kí ẹsẹ̀ méjèèjì máa yẹ̀. Ìyẹn ò gbọdọ̀ di ọ̀la, torí nǹkan kan ló ń fún àwọn iṣan ìmọ̀lára ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn pọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni MRI ti wúlò.

Nígbà tí àlejò lọ, mo bi àbúrò mi ní gbogbo rẹ̀. Rárá, rárá, rárá. Mo ní kó dìde, kó máa rìn kiri.